Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ìjì Òjò, Tí A sì Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀, ní Kábà àti Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o.

Ìparí oṣù kejì wọ oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọyẹ́ á ti lọ, ooru á mú débi pé òógùn kì í gbẹ lára ẹni lóru. Ẹni tó bá gbé àpótí jókòó síta ní Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, á rí mọ̀nàmọ́ná tó ń kọ yẹ̀rì lápá ìlà-oòrùn, láìgbọ́ ìró àrá kankan. Àwọn ìyá wa á ní òjò àkọ́rọ̀ ti ń bọ̀. Bí ó bá wá dé, páànù á ṣí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á dùbúlẹ̀, èso kajú tí kò tíì gbó á gbọ̀n sílẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ béèrè pé ọjọ́ wo ni, agogo mélòó ni, báwo ni omi rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹnu kò ní kò. Ẹnìkan á ní Ọjọ́rú ni, ẹlòmíràn á ní Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹnìkan á ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, bàbá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ ìjì òjò sílẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wa. Fídíò ìjì pọ̀ lórí fóònù gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n fídíò tí kò ní ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọ́n ti yà á, kò sí ohun tí àgbẹ̀ tàbí bíríkìlà lè fi í ṣe. Nítorí náà, kíkọ sílẹ̀ ni n ó tẹnu mọ́ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ọ̀rọ̀ lílépa ìjì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà.

Àbúrò mi kan wà ní Toronto. Yìnyín wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí ẹ̀gbọ̀n òwú ni òun ń ṣọ́ ní tirẹ̀. Ó fi pákó pẹlẹbẹ kan tó kùn ní funfun sílẹ̀ ní gbangba, á fi rúlà wọn bí yìnyín ṣe ga tó lórí rẹ̀, á gbá pákó náà mọ́, á tún dúró de òmíràn. Lẹ́yìn náà, á yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ kó lè mọ omi tó wà nínú rẹ̀. Yìnyín tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 sábà máa ń yọ́ di omi bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Òun ló sọ ìtàn ìlú Fort Collins fún mi, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 28, oṣù keje, ọdún 1997, òjò ńlá rọ̀ ní apá kan ìlú náà, àgbàrá dé, èèyàn márùn-ún kú. Apá kejì ìlú kan náà kò rí ju òjò díẹ̀ lọ. Ní ọdún 1998 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ CoCoRaHS sílẹ̀ níbẹ̀: ará ìlú lásán, kálukú pẹ̀lú òṣùwọ̀n òjò ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí wọ́n ń kọ òjò, yìnyín líle àti yìnyín wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rò ó wò pé òjò tó ń rọ̀ ní ìhà ọjà Kábà, tí ilẹ̀ sì gbẹ táútáú ní ọ̀nà Ìyàrá, ta ni ń kọ ọ́?

Ibi tí ìjì wa ti ń wá

Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó ń gbà wá. Ìjì ńlá tiwa, láti ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí wa lára nílẹ̀ lásìkò òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni, láti ojú òkun. Òun ló ń gbé ọ̀rinrin wá. Ṣùgbọ́n lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin, afẹ́fẹ́ mìíràn wà tó ń sáré láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Òun ló ń da ìjì wá sọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ẹ ó rí àwọsánmà dúdú lápá Obajana, ní ìlà-oòrùn wa, ẹ ó sì rí i pé atẹ́gùn ilẹ̀ ń fẹ́ lọ bá a. Àwọn èèyàn á ní, "Afẹ́fẹ́ ti gbé òjò yìí lọ." Kò gbé e lọ rárá. Òjò náà ló ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí iná ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sábẹ́ àdògán. Ìyá kan ládùúgbò wa fi láfún tó sá sílẹ̀ síta nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó dé láti ọjà, gbogbo rẹ̀ ti rin gbindin. Bí atẹ́gùn bá ń lọ bá àwọsánmà, tó sì dákẹ́ lójijì, tí ewé kankan kò mì, ẹ múra. Afẹ́fẹ́ tútù tí yóò tẹ̀ lé ìdákẹ́jẹ́ yẹn, inú ìjì fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde.

Oòrùn ọ̀sán ló ń bí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣẹ̀ ní ilẹ̀ gíga bíi ti agbègbè Jos, wọ́n á so mọ́ra di ìlà gígùn kan tó na láti àríwá sí gúúsù, wọ́n á sì máa rìn bọ̀. Láti Jos sí Kábà lé ní kìlómítà 350 ní ìlà tààrà. Ìjì tó ń rin kìlómítà 50 ní wákàtí kan, tó sì gbéra níbẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, kò lè dé ọ̀dọ̀ wa kí agogo mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Ìdí nìyí tí ìjì òru fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni wọ́n le jù, àti ìparí oṣù kẹsàn-án wọ ìkẹwàá, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́. Oṣù keje àti ìkẹjọ, òjò lè pọ̀, ṣùgbọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló sábà ń rọ̀. Mo ń wọn omi rẹ̀, n kì í jáde tìtorí rẹ̀.

Òṣùwọ̀n òjò: iṣẹ́ ọwọ́ ọjọ́ méjì

Ẹ wá ike omi lítà kan ààbọ̀ tí ara rẹ̀ dán, tí ìbú rẹ̀ kò yí padà láti ìsàlẹ̀ dé ibi ọrùn. Èyí tí ara rẹ̀ rí ìlà-ìlà yípo kò dára. Ẹ fi abẹ gé e ní ibi tí ọrùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ẹ má sọ orí tí ẹ gé nù.

Ìsàlẹ̀ ike kì í tẹ́jú. Ó ní gegele àti ihò, omi tó bá kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀ kò ṣe é wọ̀n. Ẹ po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ iyanrìn kíkúnná, ẹ dà á sínú rẹ̀ títí yóò fi bo gegele náà, ẹ gbọ̀n ọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Sìmẹ́ńtì máa ń mu omi, nítorí náà nígbà tó bá gbẹ, ẹ yọ́ àbẹ́là díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀ kó má baà ba ike jẹ́, ẹ dà á lé e lórí. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù lẹ rúlà mọ́ ara ike lóde, kí òdo rẹ̀ bá ojú àbẹ́là ṣe rẹ́gí. Bí òdo rúlà yín kò bá bẹ̀rẹ̀ láti etí rẹ̀ gan-an, ẹ gé èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Ẹ dorí orí tí ẹ gé kodò, ẹ tì í bọ ẹnu ike náà. Yóò máa ṣe bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ kẹrosíìnì, kò sì ní jẹ́ kí oòrùn tètè fa omi tàbí kí ewé bọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ kan òpó kékeré mọ́lẹ̀, ẹ so ó mọ́ ọn kó ga tó orúnkún, kí ẹnu ike sì yọ sókè ju orí òpó lọ. Bí ilé yín bá ga ní mítà mẹ́rin, ẹ gbé e jìnnà sí i ní mítà mẹ́jọ ó kéré tán. Igi náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gún tàbí igi wẹ́wẹ́ ṣe ọgbà yí i ká, nítorí ewúrẹ́ fẹ́ràn àtimu omi rẹ̀ ju ohunkóhun lọ.

Mìlímítà kan lórí rúlà yẹn túmọ̀ sí pé lítà omi kan bọ́ sórí gbogbo mítà onígun mẹ́rin kan tó wà ládùúgbò yín. Ẹ wò ó báyìí: òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 8, bí òjò mìlímítà 25 bá rọ̀ sí i, lítà 2,000 ni, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá tó ń gba lítà 200. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi láti oṣù kejìlá, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló pe oníṣẹ́ tó bá a ṣe ọ̀sọ̀rọ̀ sí òrùlé rẹ̀.

Ẹni tí kò rí ike tó dára lè lo àrọ ńlá lórí ike èyíkéyìí. Ẹ fi òṣùwọ̀n oògùn ọmọdé wọn omi tó bá wọ inú rẹ̀ ní mìlílítà, ẹ pín in pẹ̀lú ìtóbi ẹnu àrọ náà ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Àrọ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 16 tóbi tó 201. Bí ẹ bá rí mìlílítà 402, mìlímítà 20 ni òjò náà.

Ẹ máa kà á ní agogo kan náà láràárọ̀. Agogo méje ni tèmi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá omi dọ́gba, ẹ da omi nù, ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó wọlé. Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, ẹ kọ òdo. Ojú ewé tó ṣófo kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá òjò kò rọ̀ ni tàbí ẹ kò sí nílé.

Àwọn ohun tó kù

Fóònù tó gba iná kún, páwàbáǹkì, ọ̀rá tó ṣe é dì, ìwé kékeré àti pẹ́ńsù. Mo ní pẹ́ńsù, nítorí omi máa ń fọ yíǹkì báírò dànù. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àwòrán sátẹ́láìtì Meteosat ti EUMETSAT, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù tó ń fi sátẹ́láìtì ṣọ́ ojú ọjọ́. Ó ń jáde ní ìṣẹ́jú 10 sí 15 síra wọn, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Zoom Earth àti Windy. Nínú àwòrán tó ń fi òtútù orí àwọsánmà hàn, bí àwọsánmà bá ṣe ga sí i ni yóò ṣe máa tàn sí i. Bí ìlà ńlá kan bá ń rìn bọ̀ láti Nasarawa tàbí Bẹ́núé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Ẹ ka ìkéde NiMet, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, pẹ̀lú, pàápàá èyí tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún lórí bí òjò ọdún náà yóò ṣe rí.

Ẹ̀wọ̀n ìpè

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, owó rẹ̀ kò sì ju ti káàdì fóònù lọ. Nítorí pé ìlà-oòrùn ni ìjì ti ń bọ̀, ẹni tó wà ní Lọ́kọ́ja ló ń kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn náà Obajana, lẹ́yìn náà Kábà, lẹ́yìn náà àwọn ará Ìjùmú àti Ìyàgbà. Ẹ wá ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Nǹkan mẹ́ta péré ni kó máa fi ránṣẹ́: ibi tó wà, aago, ohun tó rí. "Obajana, 4:10, afẹ́fẹ́ tútù ti dé." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká ní afẹ́fẹ́ tútù dé Obajana ní 4:10, ó sì dé Kábà ní 4:58. Ìṣẹ́jú 48 ni. Obajana sí Kábà ní ìlà tààrà tó nǹkan bíi kìlómítà 40, nítorí náà kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni ìjì náà ń rìn. Ẹ̀gbẹ̀ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 60 sí ìwọ̀-oòrùn Kábà. Yóò gbà á ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó débẹ̀. Bí ẹ bá pe Ẹ̀gbẹ̀ ní agogo márùn-ún, ẹni tó sá kajú tàbí èlùbọ́ ṣì ní wákàtí kan gbáko láti kó o wọlé.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìlú bíi Mọ́pà àti Ìsánlú. Wọ́n jìnnà sí Kábà, ṣùgbọ́n àríwá ni púpọ̀ nínú ìjìnnà náà kọjú sí. Bí ìjì ṣe ń lọ tààrà sí ìwọ̀-oòrùn, ìwọ̀n tí ìlú fi súnmọ́ ìwọ̀-oòrùn ju Kábà lọ nìkan ni ẹ ó kà. Ìsánlú kò fi ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ, ìjì lè dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú 36 sí ìgbà tó kúrò ní Kábà. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni mo fi ń ka ìjìnnà ọ̀nà mọ́tò, tí mo ń pè wọ́n lẹ́yìn tí òjò ti dé.

Ibi tí ẹ ó dúró sí

Ẹ kà láti ìgbà tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ títí àrá yóò fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, ìjì kò jìnnà ju kìlómítà 10 lọ, inú ilé tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tàbí inú mọ́tò onípáànù tí fèrèsé rẹ̀ wà ní pípadé ni kí ẹ wà. Ẹ má tún jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lórí àrá tó sán kẹ́yìn. Abẹ́ máńgòrò, abẹ́ òpó iná, búkà onípáànù ní etí oko: kò sí ọ̀kan tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ àrá nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán tó gbòòrò lè gun àpáta Ògìdì tàbí Òkè Patí nígbà tí ìjì ṣì wà lókèèrè, ṣùgbọ́n kó ti sọ̀kalẹ̀ kí ìró àrá tó dé etí rẹ̀.

Nípa fífi ọ̀kadà tàbí mọ́tò lé ìjì kiri, mo lòdì sí i. Ọ̀nà Obajana sí Kábà kún fún tírélà, òjò líle kì í sì jẹ́ kí awakọ̀ rí iwájú. Ojú ọ̀nà wa kò sì rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe àsìkò tí èèyàn ń dá dúró síbi tó dá páropáro. Ẹ jẹ́ kí ìjì wá bá yín. Ẹ yan ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó kọjú sí ìlà-oòrùn, kí ẹ mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ẹ mọ bí igi ọ̀pẹ tó wà níwájú rẹ̀ ṣe jìnnà tó, kí ẹ mọ bó ṣe ga tó. Bí òjò bá bo ọ̀pẹ náà mọ́ yín lójú, ẹ ti mọ ibi tí ojú yín mọ.

Yíyà á

Ẹ gbé fóònù sórí nǹkan tí kò mì, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kí àwòrán lè fẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ibi àwọsánmà, ẹ dì í mú títí fóònù yóò fi ti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa ṣú, yóò máa mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ. Kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, ẹ la ẹnu, ẹ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀: "Kábà ni mo wà, òní ni ọjọ́ báyìí, agogo báyìí ló lù, ìlà-oòrùn ni mo kọjú sí." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí mo ti fi ìyà rẹ̀ kọ́ ọgbọ́n. Bátìrì mi kú lọ́jọ́ kan, aago fóònù sì yí padà nígbà tí mo tún un tàn. Mo ya àwọsánmà tó dára jù tí mo tíì rí: ó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun láti òkè kan dé èkejì, abẹ́ rẹ̀ pupa fún eruku. Mo ṣì ní fídíò náà. N kò mọ wákàtí rẹ̀ títí di òní.

Bí àwọsánmà bá ṣì jìnnà, ẹ lo ọgbọ́n tó ń ya àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan tó sì ń so wọ́n pọ̀ di fídíò tó yára. Yóò fi bí ìjì ṣe ń yí hàn. Fún mọ̀nàmọ́ná òru, ẹ ya fídíò gbọọrọ, ẹ wá yọ àwòrán ibi tó ti kọ. Ẹ fi fóòmù wẹ́wẹ́ bo ihò tí fóònù fi ń gbọ́ràn, kí ariwo afẹ́fẹ́ má baà bo ìró àrá.

Ohun tí ẹ ó kọ

Bí ojú ewé mi kan ṣe rí nìyí:

Kábà, ẹ̀yìnkùlé. Àrá àkọ́kọ́ 4:35. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ 4:52. Afẹ́fẹ́ tútù 4:58, láti ìlà-oòrùn. Ẹ̀ka máńgòrò kéékèèké ṣẹ́. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ 5:03. Yìnyín 5:09 sí 5:12, èyí tó tóbi jù mìlímítà 14. Òjò líle dá 5:36. Wínníwínní títí 7:20. Omi: mìlímítà 31.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ á fi igi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ̀ka kéékèèké bá ń ṣẹ́, afẹ́fẹ́ náà tó kìlómítà 62 sí 74 ní wákàtí kan. Bí ó bá ń hú igi tegbòtegbò, ó ti tó 89 sí 102.

Yìnyín kò ní dúró dè yín. Gbàrà tí àrá bá ti jìnnà, ẹ ṣa èyí tó tóbi jù, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, ẹ yà á. Bí fìríìsà bá wà, tí iná sì wà, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ fi pamọ́. Ẹ la ọ̀kan sí méjì, ẹ ó rí òrùka funfun àti òrùka tó mọ́ gaara nínú rẹ̀, bí àlùbọ́sà.

Lọ́jọ́ kejì

Ẹ lọ wo ibi tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi fóònù sí àpò. Ìyá tí páànù ilé rẹ̀ ṣí lóru, "Ẹ kú ewu o, Ìyá" ni ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹ bá wọn gbé igi kúrò lẹ́nu ọ̀nà ná. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya òrùlé yìí, kí n lè kọ ọ́ sínú ìwé mi?" Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Ẹ má fi ojú ẹnikẹ́ni tó ń sunkún sórí Facebook. Bí wáyà iná bá já sílẹ̀, ẹ má súnmọ́ ọn, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo ibi tí orí àwọn igi tó wó kọjú sí. Bí gbogbo wọn bá dojú kọ ọ̀nà kan náà, afẹ́fẹ́ tó jáde láti inú ìjì ló bì wọ́n lulẹ̀, ìyẹn ló sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá kọjú síra wọn kátikàti lójú ibi tóóró kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń yí. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà sínú ìwé, ẹ fi ọfà sí igi kọ̀ọ̀kan.

Ẹ sọ fáìlì fídíò ní orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún, oṣù, ọjọ́, lẹ́yìn náà ìlú, kí wọ́n lè to ara wọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan sórí ohun mìíràn yàtọ̀ sí fóònù. Ní ìparí oṣù, ẹ ro omi gbogbo ọjọ́ pọ̀, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó wà nínú ẹ̀wọ̀n ìpè.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kọkànlá, ẹ tú ike náà kúrò lórí òpó. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ewé tó gbẹ mọ́ ọn, ẹ wo àbẹ́là ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti sán, ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú ilé níbi tí oòrùn kò ti ní jẹ ẹ́. Ẹ fi òpó rẹ̀ sílẹ̀ síbi tó wà, kí ti ọdún tó ń bọ̀ lè bá ti èṣí dọ́gba.